Ta Ló Kọ́kọ́ Wọlé ní Kọ̀rọ̀ Akínpẹ̀lú?

Bí ẹ bá dé Ọ̀yọ́ tí ẹ ń béèrè ilé Kúbúrátù, ẹ óò rìn títí ẹsẹ̀ yóò fi dùn yín. Kúbúrátù wo? Ìyàwó ta ni? Ṣùgbọ́n ẹ béèrè Ìyá Onídìrí, kíá ni wọn yóò fà yín lọ́wọ́ láti ojú títì Ògbómọ̀ṣọ́, wọn yóò mú yín wọ àárín ògiri méjì kan tó jẹ́ pé bí ẹni méjì bá pàdé níbẹ̀, ọ̀kan gbọ́dọ̀ fẹ̀gbẹ́ rìn. Ẹni tó bá sanra, kó yáa ti ẹnu títì ké pé "ẹ gbà mí láyè o" kó tó wọ ibẹ̀. Kọ̀rọ̀ Akínpẹ̀lú nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kọ̀rọ̀ lásán ni. Mo ti bá ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ jà rí, mo sì tún lè bá ẹlòmíì jà.

Kọ̀rọ̀ yìí ti jẹ orúkọ ju àwa tí à ń gbà á kọjá lọ. Nígbà láéláé, Ọ̀nà Ẹṣin ni. Àwọn ará ilé Akínpẹ̀lú ní ẹṣin nígbà náà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń dà wọ́n gbà lọ mumi. Ẹṣin kú tán, koríko hù, ewúrẹ́ gbà á. Lẹ́yìn náà ló di Ọ̀nà Ìyàwó, torí pé ibẹ̀ ló yá jù láti títì dé àwọn agbo ilé tó wà lẹ́yìn. Ìyàwó tí wọ́n bá mú bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, níbi tí lọ́rì bá já wọn sí náà ni wọn yóò ti gba ibẹ̀ wọlé torin-torin. Ewé ló wà lórí ilé nígbà yẹn. Nígbà tó yá, páànù dé, wọ́n fi símẹ́ńtì rẹ́ ara ògiri alámọ̀, wọ́n ri òpó iná kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, àwa náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú NÉPÀ bíi ti àwọn ará Ìbàdàn. Ẹ̀rọ omi kan dé ẹnu kọ̀rọ̀ náà. Ó pọ omi títí, inú wa dùn, ó sì dákẹ́ lọ́jọ́ kan, kò fọhùn mọ́ títí dòní. A ṣì ń dúpẹ́ pé ó tiẹ̀ fọhùn rí.

Ìgbà tí Kúbúrátù dé ló di Kọ̀rọ̀ Onídìrí lẹ́nu àwọn obìnrin. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ilé wọn ò jìnnà sí Sábó. Israfil, ọmọ ilé Akínpẹ̀lú, tó ń fín igbá, ló kó igbá lọ tà lọ́hùn-ún, tó rí i, tí kò sì rántí igbá mọ́. Wọ́n mú ìyàwó wá sí Ọ̀yọ́. Yàrá tí wọ́n fún tọkọtaya náà, inú kọ̀rọ̀ ni ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sí, kò sì ní ilẹ̀kùn mìíràn. Israfil a jókòó síhà kan, a máa fín igbá. Ìyàwó rẹ̀ a gbé àpótí síhà kejì, a máa dirun. Kòlẹ́sẹ̀, ṣùkú, pàtẹ́wọ́, ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀, èyí tó bá wù yín ni. Atẹ́gùn kan wà tó máa ń gba àárín ògiri yẹn kọjá lọ́sàn-án gangan, nígbà tí gbogbo Ọ̀yọ́ bá ń gbóná bí ààrò. Ẹni tó wá dirun a bẹ̀rẹ̀ sí í tòògbé. Kúbúrátù a fi òòyà kàn án lórí: "Gbé orí sókè jàre! Ṣé mo ní kí o wá sùn ni?"

Ọlọ́run ò fún un lọ́mọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, torí òun fúnra rẹ̀ kì í fi pa mọ́. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n mu àgbo, wọ́n gba ọsibítù lọ, wọ́n gba ọsibítù bọ̀. Kò bọ́ sí i. Àwọn ẹbí ní kí Israfil fẹ́ ẹlòmíì. Ó ní òun ò ráyè. Wọ́n tún dá a dúró lọ́jọ́ ọdún Iléyá, wọ́n sọ ọ́ fún un kíkankíkan. Ó ní igbá pọ̀ nílẹ̀ tí òun fẹ́ fín. Ó fín igbá títí ọlọ́jọ́ fi dé, kò mú obìnrin mìíràn wọ yàrá yẹn. Ṣé ìyẹn ò tó ọpẹ́ ni? Wọ́n ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni, Kúbúrátù kì í sì í ṣe ọlọ́ṣà. Láràárọ̀, bó bá kírun àsùbáà tán, a fọwọ́ kan ògiri kọ̀rọ̀ náà, a ní: "Alihamudulilai. O fún mi lọ́kọ, o fún mi níbi tí mo jókòó sí, o fi orí ọmọ kún itan mi." Kì í ṣe pé ó ń tan ara rẹ̀ jẹ. Àwọn ọmọ tó ti dirun fún ti di abiyamọ, wọ́n tún ń fa ọmọ tiwọn lọ́wọ́ wá bá a.

Kódà nígbà tí àwọn ṣọ́ọ̀bù onídíráyà dé Ọwọ́dé, tí àwọn ọmọge ń lọ fi iná yan orí nítorí irun kíká tí wọ́n ń pè ní jẹ́rìkọ́ọ̀lù, ọ̀pọ̀ wọn ló padà wá pẹ̀lú ìbòrí lórí, tí wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i wò. Ìyá Onídìrí a ṣí i. A rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú rẹ̀. "Olúfúnkẹ́, ta ni ẹ jọ jà?" Lẹ́yìn náà a da àdín sọ́wọ́, a máa fi pa á lórí jẹ́jẹ́.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó fẹ́ bà á jẹ́. Lọ́dún tí ètò ìjọba tí wọ́n ń pè ní Sáàpù ń na gbogbo wa ní pàṣán, tí àpò símẹ́ńtì kan di ohun tí à ń dúró wò, Gàfárù dé láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Israfil ni, sípéà páàtì mọ́tò ló ń tà ní Sábó lọ́hùn-ún, ọwọ́ rẹ̀ sì ti tó ẹnu dáadáa. Yóò ti máa lọ sí ẹni ogójì ọdún. Kúbúrátù ò pe orúkọ rẹ̀ rí láyé. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ìyàwó kì í pe ẹni tí wọ́n ti bí sílé kó tó dé lórúkọ, ìbáà ṣe ọmọ tí kò tíì léyín. Ọkọ ni. "Ọkọ mi" ló ń pè é nígbà tó ń pọ̀n ọ́n. "Ọkọ mi, ẹ lanu kí ẹ mu ẹ̀kọ" ló ń wí nígbà tó ń fún un ní ẹ̀kọ mu. Nígbà tí Marufat, ìyá ọmọ náà, kú, tí ọmọ ò tíì jáde ní pámárì, ọ̀dọ̀ Kúbúrátù ló ń sùn, òun ló ń fọ aṣọ rẹ̀, òun ló ń nà án bó bá sá níléèwé. Ẹ fojú inú wò ó: "Ọkọ mi, ẹ wá, ẹ wá gba ẹgba yín!" Gàfárù náà dàgbà, ó ń pè é ní "Ìyàwó wa." Nítorí ewú tó wà lórí obìnrin náà, òun náà ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ làwọn méjèèjì ṣe ń yẹ́ ara wọn sí.

Ẹ má rò pé èèyàn burúkú ni Gàfárù. Kì í wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́wọ́ òfo. Búrẹ́dì, ṣúgà, òwú dúdú tí ìyàwó wọn fi ń dirun, kò gbàgbé ọ̀kan rí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi dun Kúbúrátù jù nígbà tó jáde lẹ́nu Gàfárù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkọ̀ kan wá já búlọ́ọ̀kù sí ẹnu kọ̀rọ̀. Gàfárù tẹ̀lé e dé, ó wọ inú kọ̀rọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, inú rẹ̀ ń dùn.

"Ìyàwó wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ dí ẹnu kọ̀rọ̀ yìí. Mo fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí i kó kọjú sí títì, kí n sì bo ìyókù rẹ̀, kí n máa kó ẹrù sí i."

Ọwọ́ Kúbúrátù dúró lórí ẹni tó ń dirun fún. "Ọkọ mi, yàrá mi ńkọ́?"

"Ibẹ̀ náà yóò bọ́ sínú ibi ìkẹ́rùsí ni. Ẹ̀yin náà ti ṣiṣẹ́ tó, Ìyàwó wa. N óò gbé yín lọ bá ẹ̀gbọ́n yín ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí ẹ lọ sinmi. N óò máa yà wò yín nígbà gbogbo. Ó di ìpàdé ẹbí lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, kí Baálé fọwọ́ sí i."

Oore ló rò pé òun ń ṣe o! Kúbúrátù ní, "Ẹ ṣeun, ọkọ mi." Kí ni ì bá tún wí? Ọkọ ti kú, ọmọ ò sí. Ìyàwó tí kò ní ọkọ, tí kò ní ọmọ, kí ló fẹ́ dì mú nílé ọkọ? Ó di irun náà parí, ẹni tó di fún sì sọ lẹ́yìn náà pé ìyẹn nìkan ni irun wíwọ́ tí òun gbà lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Nígbà tó wọ yàrá, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá tí Israfil fín kẹ́yìn, ó sunkún. "Wọ́n fẹ́ dá mi padà," ló ń wí. "Lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí, wọ́n fẹ́ dá ìyàwó padà." Ó gbìyànjú láti dúpẹ́ bó ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹkún náà ló tún jáde. Àṣàkẹ́, ìyálé gbogbo ìyálé nínú agbo ilé náà, arúgbó tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú ṣùgbọ́n tí ẹnu rẹ̀ mú, ló gbọ́ ọ tó sì wọlé bá a.

"Nu ojú rẹ. Ìwọ ṣáà wá sí ìpàdé."

"Kí ni ìyàwó fẹ́ sọ níbi tí àwọn ọmọ ilé ti ń sọ̀rọ̀?"

"Mi ò ní kí o sọ nǹkan kan. Mo ní kí o wá jókòó tì mí. Ṣé ọmọ ilé nìkan ló ní etí ni?"

Wọ́n kírun Jímọ́ọ̀ tán, gbogbo ẹbí pé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Baálé. Àwọn ọkùnrin jókòó sórí àga àti ẹní, àwọn ìyàwó ilé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Gàfárù dìde, ó ṣàlàyé, ó sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó ní ṣọ́ọ̀bù yóò gbé orúkọ ilé ga, pé àwọn ọmọ tó ń rìn kiri yóò ríṣẹ́ ṣe. Orí ń mì. Ìgbà náà ni Mátíù, ọmọ ìyá Baálé kan tó ń gbé lẹ́yìn, tó di Onítẹ̀bọmi nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, gbẹ́nu sí i.

"Àwa tá a wà lẹ́yìn, ibo la ó gbà? Ojú ọ̀nà lẹ fẹ́ kọ́lé sí yìí o."

Ó bí Gàfárù nínú. "Ọ̀nà kẹ̀? Ta ló pè é lọ́nà? Inú ilé wa ni! Láti ibi tí kọ̀rọ̀ yẹn ti kan títì, ẹni tó bá ti gbé ẹsẹ̀ kan síbẹ̀, ó ti wọ ilé Akínpẹ̀lú nìyẹn. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó sọ ọ́!"

"Òótọ́ ni," ni àwọn ọ̀dọ́ ń wí. Baálé fọwọ́ pa irùngbọ̀n, ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín kan ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Àṣàkẹ́ ni. Ó ń rẹ́rìn-ín débi tí èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì fi ìgbọ̀nwọ́ gún Kúbúrátù ní ìhà. "Ṣé o gbọ́ ohun tó wí? Ìwọ náà, ronú!"

Kúbúrátù ronú. Ó rántí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n mú un wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Lọ́rì já wọn sí ẹnu kọ̀rọ̀, aṣọ ìyàwó bò ó lórí, àwọn obìnrin kọrin wọlé. Wọ́n rìn dé ìdajì kọ̀rọ̀, orin dá. Marufat ló wà nílẹ̀ níbẹ̀. Odò ló ti ń bọ̀, ìkòkò omi ti fọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọ ti ń bọ̀, kò sì lè rìn dé yàrá. Kò sáyè láti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ìyàwó dúró. Àṣàkẹ́ kúnlẹ̀ gbẹ̀bí, àwọn yòókù fi ìró wọn yí i ká. Nígbà tí ọmọ ké, aṣọ tó mọ́ ò sí nítòsí, ni Kúbúrátù bá ṣí aṣọ ìyàwó kúrò lórí ara rẹ̀, ó nà án fún wọn. Aṣọ yẹn ni wọ́n fi wé ọmọ gbé wọlé. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n tó rántí ìyàwó, tí wọ́n da omi sí i lẹ́sẹ̀ ní ẹnu ilẹ̀kùn. Gbogbo ilé sì gbà pé ọmọ ló ṣáájú ìyàwó wọlé, torí ojú ọ̀nà ni ìyàwó ṣì wà nígbà tí wọ́n bí i. Wọ́n sọ ọmọ ní Abíọ́nà, àlùfáà fi Gàfárù kún un. Bí ọmọ ìkókó ṣe di ọkọ Kúbúrátù nìyẹn.

Kúbúrátù kúnlẹ̀ láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Baálé, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bi ọkọ mi ní ìbéèrè kan."

"Bi í."

"Ọkọ mi, ẹ ní ẹni tó bá ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú kọ̀rọ̀ yẹn, ó ti wọlé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyàwó wa."

"Ẹ ò ní yí i padà?"

"Kí ni n óò yí padà sí? Ohun tí mo wí ni mo wí."

Ẹyin lohùn, bó bá ti bọ́, ó ti bọ́ nìyẹn. Kúbúrátù mí kanlẹ̀.

"Ó dáa. Lọ́jọ́ tí wọ́n bí yín, inú kọ̀rọ̀ yẹn ni mo wà. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ló wà níbẹ̀, ẹ̀yin ṣì wà nínú ìyá yín. Màmá Àṣàkẹ́ ló gbẹ̀bí yín, wọ́n jókòó síbí. Bí kọ̀rọ̀ yẹn bá jẹ́ ọ̀nà, ẹ̀yin lẹ ṣáájú mi wọlé. Abíọ́nà ni yín, ọkọ mi ni yín, mo kúnlẹ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n wọn kì í kọ́ ṣọ́ọ̀bù dí ọ̀nà. Bó bá sì jẹ́ pé ilé ni, bí ẹ ṣe wí, èmi ni mo ṣáájú yín wọ ilé yìí. Kì í ṣe ìyàwó yín ni mí nígbà náà. Ìyá yín ni mí, ìyá yín sì ní kí ẹ má dí i."

Háà! Ilé gbá yìn-ìn! Mátíù fò sókè. Àṣàkẹ́ ń pàtẹ́wọ́. Baálé fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí fìlà fi ṣí lórí rẹ̀, ó wá nu ojú, ó ní, "Gàfárù, ọ̀rọ̀ kù sí ọ lọ́wọ́. Ọ̀nà ni àbí ilé ni?"

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Èwo ni ẹ̀yin ì bá mú? Bó bá ní ọ̀nà ni, ṣọ́ọ̀bù nìkan ló sọnù, ipò rẹ̀ ò yẹ̀. Bó bá ní ilé ni, òun tó jẹ́ ọkọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, lójú gbogbo ìyàwó ilé, yóò sọ̀ kalẹ̀ di ọmọ. Ẹ sì mọ ohun tí ipò jẹ́ ní agbo ilé Ọ̀yọ́, èèyàn ń tìtorí rẹ̀ bára wọn yodì títí wọ ilé ikú. Àwọn àbúrò rẹ̀ ń sọ ọ́ sí i létí: "Ní ọ̀nà ni! Ṣáà ní ọ̀nà ni, kí ìtìjú má bàa mú ọ!"

Gàfárù ń wo obìnrin tó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ewú orí rẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ tí òwú ti gé wọnú. Inú tó ń bí i tẹ́lẹ̀ ti tán pátápátá.

"Ilé ni," ló wí.

"Kí lo wí?"

"Mo ní ilé ni. Ilé ni mo pè é, ilé náà ni. Nígbà tí màmá mi kú, ọ̀dọ̀ obìnrin yìí ni mo ń sùn, tó ń bọ́ mi, tó ń wẹ̀ mí, tí mo sì ń pè é ní ìyàwó. Ta ni mo wá ń dá padà sí Ògbómọ̀ṣọ́?" Ó bọ́ fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú gbogbo ẹbí, agbádá funfun tó wọ̀ lọ kírun náà kó sínú eruku. "Ìyá mi, ẹ má bínú. Mi ò dí i mọ́. Ẹ forí jì mí."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Àwọn obìnrin ti ń fi ìgbátí ìró nu ojú. Kúbúrátù na ọwọ́, ó fọwọ́ kàn án lẹ́yìn.

"Ẹ dìde, ọkọ..."

"Ọkọ ta?" Àṣàkẹ́ ló kígbe láti ẹ̀gbẹ́ ògiri. "Ṣé o ò gbọ́ ohun tí wọ́n wí ni? Pè é lórúkọ!"

Orúkọ tí Kúbúrátù kò gbà kó kọjá ètè rẹ̀ rí ni, àní bó bá dá wà. Ó wo Baálé, Baálé mi orí sí i. Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Gà... Gàfárù." Ó tún un pè, ó dún ju ti àkọ́kọ́ lọ. "Gàfárù ọmọ mi, dìde. Ṣé o ti jẹun?"

Kò tíì jẹun.